Ṣé iṣẹ́ OT (occupational therapy) wúlò fún ẹni tí kò lówó ọkọ̀ dé ọsibítù ńlá? Ìdáhùn sí òṣìṣẹ́ ìlera kan ní Òkè-Ògùn

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òkè-Ògùn. Nínú abúlé mẹ́fà tí mo máa ń yí ká fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo ti ka ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n ti ju ọmọ ọdún méjì lọ tí wọn kò lè dá jókòó. Mo sì mọ àwọn bàbá àti ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ sí yàrá. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo ti gbọ́ nípa occupational therapy fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ṣé ó lè wúlò fún àwọn tí kò lówó ọkọ̀ dé Ìbàdàn? Ǹjẹ́ ó yẹ kí n padà sílé ẹ̀kọ́ láti kọ́ ọ, àbí òkè òkun nìkan ni ẹni tó bá kọ́ ọ ti ń rí iṣẹ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrìn àwọn abúlé náà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ bi mí. Èkejì ni mo máa fún ní àyè jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni èmi fúnra mi ti ṣìnà fún ọdún púpọ̀ kí ojú mi tó là.

Kò tíì sí orúkọ Yorùbá kan tí gbogbo wa fẹnu kò sí fún iṣẹ́ yìí. OT ni a ń pè é láàárín ara wa, àwọn aláìsàn sì sábà máa ń kà wá mọ́ àwọn físíò, nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni a ti jọ ń pàdé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé físíò á bèèrè bí apá náà ṣe máa lágbára àti bí orúnkún náà ṣe máa ká. Èmi á bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi apá náà ṣe. Ọ̀rọ̀ náà, occupation, máa ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ owó oṣù là ń sọ. Ohun gbogbo tí ènìyàn ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe ló wà nínú rẹ̀: kí ó wẹ̀, kí ó wọṣọ, kí ó ṣe àlùwàlá, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, kí ó pọ̀n ọmọ, kí ó patẹ ọjà, kí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta ayò lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́. Bí àìsàn, ìbí tàbí ìjàǹbá bá gba èyíkéyìí nínú wọn lọ́wọ́ ènìyàn, iṣẹ́ wa ni láti wá ọ̀nà tí yóò fi padà sí i. Ó lè jẹ́ ara rẹ̀ ni a máa kọ́, ó lè jẹ́ ọ̀nà tó ń gbà ṣe nǹkan náà ni a máa yí, ó sì lè jẹ́ àga, ìkòkò tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ni a máa tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mọ́kànlá yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọjọ́ ìbí wọn, tàbí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé e, ni ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti farapa. Ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i wà lára wọn, àti ọmọ tí ibà pọ́njú mú, tí wọ́n ń sá sí oòrùn àárọ̀ lójoojúmọ́ títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sórí. Ohun méjèèjì yìí wà lára ohun tó ń fa irú àìlera bẹ́ẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ibi tó ti farapa nínú ọpọlọ kò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọmọ lórí ìlérí pé òun á wò ó sàn pátápátá. Ohun tó lè yí padà, tó sì lè yí padà púpọ̀, ni bí ọmọ náà ṣe ń jẹun, bó ṣe ń jókòó, bó ṣe ń ṣeré, àti bóyá ó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ìwé.

Oúnjẹ ló ṣe kókó jù, torí náà màá pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ ó ti rí bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn: ìyá á gbé ọmọ ọdún mẹ́ta tẹ́ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹnu rẹ̀ mú, á sì máa rọ ọ́ ní ẹ̀kọ olómi bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni. Kì í ṣe ìkà ni ìyá náà. Bí ìyá tirẹ̀ ṣe rọ òun náà nìyẹn, ọmọ tí ara rẹ̀ le kì í sì í sábà kú sí i. Àmọ́ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè ṣètò gbígbé nǹkan mì, bí ó bá tẹ́ sílẹ̀ tí orí rẹ̀ sì yẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà èémí rẹ̀ á wà ní ṣíṣí. Ẹ̀kọ tó yẹ kó lọ sí ikùn á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ yín wò. Èyí tí ẹ bá ti tọ́jú òtútù àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan nínú àwọn ọmọ náà, ẹ fún un ní oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì lọ wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ nílé, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ inú ọpọ́n ẹ̀kọ ni àìsàn náà ti ń wá.

Kí ọmọ náà jókòó dáadáa, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ sí àyà díẹ̀, kí ẹni tó ń bọ́ ọ sì jókòó síwájú rẹ̀ ní ibi tí ojú wọn ti ṣe déédéé, nítorí pé bí oúnjẹ bá ń ti òkè wá, ọmọ á gbé orí sókè láti tẹ̀lé e. Kí ẹ̀kọ náà ki ju bí wọ́n ṣe ń pò ó lọ. Kí ṣíbí kékeré tẹ ahọ́n díẹ̀ kí ó tó kúrò lẹ́nu, kí a sì dúró kí ọmọ gbé e mì kí èkejì tó wọlé. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n má tètè tẹ́ ẹ. Èyí lè gba wákàtí kan láàárọ̀, ìyá náà sì ní ọmọ mẹ́ta mìíràn àti ọjà tó fẹ́ lọ. Ibi tí OT ti sábà máa ń já ènìyàn kulẹ̀ nìyí: a ó kọ́ ìyá ní ohun tó dára, a kò sì ní bèèrè ìgbà tó máa rí àyè ṣe é. Ẹ bèèrè. Bóyá ìyá àgbà ló wà nílé láàárọ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ń lọ sílé ìwé ní ọ̀sán. Ẹni náà gan-an ni kí ẹ kọ́.

Ní ti ìjókòó, àwọn àga tí wọ́n ṣe ní òkèèrè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ́n ju owó ọdún kan lọ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi páálí, ìwé àtijọ́ àti lẹ̀ẹ̀ oníyẹ̀fun kan àga fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Zimbabwe. Wọ́n á máa lẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele, wọ́n á sá a gbẹ, yóò sì le tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà lè jókòó lé e. Sítáàṣì tí wọ́n fi ń ya aṣọ àdìrẹ ṣe é, páálí náà sì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláte. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, nítorí pé bí kò bá gbẹ dénú, yóò hu èbu. Kí ọwọ́ yín tó dá ṣáṣá lórí èyí, bàsíà oníke tí a fi aṣọ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a gbé sí igun ògiri, ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ jókòó.

Ohun kan tún wà tí wọn kò kọ́ wa nílé ìwé. Ọmọ tí itan rẹ̀ méjèèjì máa ń há mọ́ra, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ ara wọn bí àlùmọ́gàjí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ máa ń ya itan náà fún wákàtí púpọ̀ lóòjọ́ láìná kọ́bọ̀. Bí ọ̀já bá gùn tó láti gbé ọrùn ró, ìtọ́jú ni pípọ̀n. Àwọn ìyá kan ti jáwọ́ nínú rẹ̀ torí ìtìjú, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́rin kì í wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ní kí wọ́n máa pọ̀n ọ́n.

Ó wá kan àwọn àgbà. Mo ṣèlérí pé màá sọ ibi tí mo ti ṣìnà. Ní ọsibítù ńlá kan tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀kọ, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń mú un ki àwọn igi kéékèèké bọ inú pátákó oníhò. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mo fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo lọ sílé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo bá a nínú yàrá, ó ń dá jẹun pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò ta ẹ̀kọ mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jẹun mọ́ pẹ̀lú, torí pé ojú ń tì í láti fi ọwọ́ òsì bọ àwo níwájú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti nà rí lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. Nínú ìwé tí mo fi ń dá a wò ní ọsibítù, gbogbo máàkì ló gbà lórí jíjẹun, nítorí pé oúnjẹ ń dé ẹnu rẹ̀.

A wé rọ́bà tó wà nínú táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ọwọ́ ṣíbí kan kí ó lè nípọn, a so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ sì sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé pé àìsàn kì í ṣe àfojúdi, pé kí màmá fi ọwọ́ tó bá wù wọ́n jẹun. Mi ò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo fura sí ọ̀rọ̀ àkọ́bí náà. Ní ti ẹ̀kọ, a gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ ga, a sì wá àwo kòtò kan tó máa ń tẹ́ ewé sí kí ó má baà tú. Ọwọ́ òsì ń bu ẹ̀kọ, ìwúwo ọwọ́ ọ̀tún ń di etí ewé mú. Kò pọ́n tó ti àtẹ̀yìnwá lóòjọ́, àmọ́ ó padà sí ìdí ọjà. Iye owó gbogbo nǹkan tí a lò kò tó owó ọkọ̀ tó ti ná wá sọ́dọ̀ mi láàárín oṣù kan.

Ìwé tí mo fi dá a wò náà yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìwọ̀n Barthel ni wọ́n ń pè é. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1965, ohun mẹ́wàá ló sì ń bèèrè, bíi wíwẹ̀, wíwọṣọ àti gígun àtẹ̀gùn. Ó wúlò. Àmọ́ kò bèèrè bóyá ènìyàn lè dìde nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, tàbí bóyá ó lè lóṣòó ní ṣáláńgá, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn yín ń ṣe lójoojúmọ́. Ọsibítù lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ènìyàn ti le, kí ẹni náà sì dé ilé rẹ̀ kí ó má lè yàgbẹ́ láìsí ìrànlọ́wọ́.

Ṣé iṣẹ́ yìí wá wúlò fún ẹni tí kò lówó ọkọ̀? Ó wúlò fún un bí a bá gbé e lọ bá a. Àwa Yorùbá kò sì níláti lọ kọ́ èyí ní òkèèrè. Ní 1954, ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Dípò kí ó kó wọn sínú ọgbà, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan níláti mú ẹbí kan dání tí yóò máa bá a gbé, tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n á gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n á sì padà sí abúlé láti bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe oko àti iṣẹ́ ilé. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú kò pàdánù ojúmọ́ rẹ̀: jíjí, wíwẹ̀, oko, ọjà, oúnjẹ alẹ́ láàárín ènìyàn. Èmi kò mọ àpẹẹrẹ tó dára ju èyí lọ fún ohun tí OT ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ọpọlọ ló dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Lámbò di igbákejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Láti ìgbà ìpàdé àgbáyé lórí ìlera alábọ́ọ́dé ní Alma-Ata ní 1978 ni àjọ náà sì ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a gbé ìmúpadàbọ̀sípò, ìyẹn rehabilitation, lọ sí àdúgbò, sí ọwọ́ ìdílé àti àwọn òṣìṣẹ́ bíi yín. WHO fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn tó tó bílíọ̀nù 2.4 lágbàáyé ló ń gbé pẹ̀lú àìlera tí ìmúpadàbọ̀sípò lè ṣe láǹfààní. OT kankan kò lè dá dé ọ̀dọ̀ wọn tán.

Ẹ óò bá àwọn mìíràn pàdé yàtọ̀ sí àwọn tí ẹ dárúkọ. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti pa ìmọ̀lára ọwọ́ rẹ̀ ń jóná nídìí ààrò láìmọ̀. Aṣọ tó nípọn tí a wé mọ́ etí ìkòkò àti ọwọ́ igi gígùn lára ṣíbí ìdáná lè gba ìka rẹ̀ là. Ẹni tó ti ilé ìwòsàn ọpọlọ dé nílò ẹni tí yóò bá a ṣètò ọjọ́ rẹ̀ ju ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ lọ.

Wàyí o, ẹ̀kọ́ náà. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ni ní OT fún oyè àkọ́kọ́, ọdún márùn-ún ni, ẹ sì níláti ní Bíọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Ilé ẹ̀kọ́ OT wà ní Oṣòdì pẹ̀lú, lábẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá jáde gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1988 fún àwọn oníṣẹ́ ìmúpadàbọ̀sípò. Bí ẹ bá ń yan ilé ẹ̀kọ́, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn OT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, là á sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí 1,000 lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà kí ó tó gboyè. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń lo wákàtí náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ inú wọ́ọ̀dù ọsibítù ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ á mọ bẹ́ẹ̀dì, kò ní mọ ẹní; á mọ pátákó oníhò bí èmi, kò ní mọ ewé ẹ̀kọ.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti wá nǹkan ṣe sí i. Ní South Africa, láti 2003, OT tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè gbọ́dọ̀ fi ọdún kan sin ará ìlú ní ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n tó jẹ́ kí ó dá dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bá ara wọn ní ìgbèríko. Ní Brazil, àwọn olùkọ́ yunifásítì mélòó kan ní ìpínlẹ̀ São Paulo dá ètò kan tí wọ́n ń pè ní Metuia sílẹ̀ ní 1998. Wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tí àìsàn kankan kò ṣe, tí òṣì àti ìyọkúrò láwùjọ gba ọjọ́ wọn lọ́wọ́ wọn. Àríyànjiyàn ti wà pé ìyẹn kọjá iṣẹ́ OT. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi ìbá kọ́kọ́ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tiwa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú abúlé bí tiyín kí a tó sọ ti irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò bá sí OT tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà lójoojúmọ́, olùkọ́ lè máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí ó sì máa pè é lórí fóònù, kí òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ ilé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ olùtọ́sọ́nà rẹ̀ nínú abúlé. Ẹ̀yin lè jẹ́ olùkọ́ fún un kí ẹ tó di akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti òkè òkun, màá bá yín sọ òótọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ kàwé ti lọ, èmi kò sì bú wọn. Ìwé ẹ̀rí wa kì í gbé ènìyàn wọlé ní tààrà: ní Britain, ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé orúkọ HCPC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera bíi tiwa sílẹ̀ níbẹ̀; ní Amẹ́ríkà, ìdánwò NBCOT, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn OT ní ìwé ẹ̀rí, wà níwájú yín. Iṣẹ́ wà níhìn-ín pẹ̀lú. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni àyè iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà inú ìlú ńlá ni a sábà máa ń kó jọ sí. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí ọjọ́ orí àti ilé yín bá gbà á, ẹ lọ kọ́ ọ, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda ẹ̀kọ́ níbi iṣẹ́ yín dípò kí ẹ kọ̀wé fi í sílẹ̀, torí pé ẹni tó ti mọ abúlé kí ó tó mọ ìwé ni iṣẹ́ yìí ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de ìgbà náà.

Ẹ̀rù àwọn ohun kan gbọ́dọ̀ máa bà yín. Ẹ má ṣe fi agbára na apá tàbí ẹsẹ̀ tó le. Ọmọ tó ń ní gìrì tàbí wárápá, ẹ kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ẹni tó bá ń húkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun láìka bí ó ṣe jókòó sí, ọwọ́ tiyín kò ká a. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ tí apá rẹ̀ sì rọ lónìí, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ìfọwọ́ra. Ẹ sì wo àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yín. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019 fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí abirùn lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ àti bíríkìlà kan ló kù.

Nígbà tí ẹ bá tún ń lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ mú ilé ọmọ kan ṣoṣo nínú mọ́kànlá náà, èyí tí òtútù àyà ti mú jù, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kí ẹ dé ibẹ̀ ní àkókò oúnjẹ àárọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ẹ kàn jókòó kí ẹ máa wò: ẹni tó bọ́ ọ, bí orí rẹ̀ ṣe wà, bí ẹ̀kọ náà ṣe ki tó, iye ìgbà tó húkọ́, àti bó ṣe pẹ́ tó kí àwo tó gbẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, orí rẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.